Asọ̀rọ̀mágbèsì

Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Iṣẹ́ ni àwọn baba wa wò kí wọ́n tó sọ ẹ̀rọ lórúkọ. Ní 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà gbé ohùn BBC wọ inú ilé ní Èkó. Ìbàdàn tẹ̀ lé e ní 1939. Àpótí ń sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò lè dá a lóhùn: ó di asọ̀rọ̀mágbèsì.

Orúkọ náà rò ó. Ní 1953, Gómìnà Macpherson bá Action Group wí lórí rédíò. Awólọ́wọ̀ béèrè àyè láti fèsì, wọn kò fún un. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹ̀rọ yìí ń mú ohùn àti àwòrán wá: amóhùnmáwòrán ni a pè é.

Lónìí, ẹni tí ó ra sinimá inú ilé ní Sángo-Ọ̀tà ń rí 5.1 lára páálí rẹ̀. Gbohùngbohùn márùn-ún ni ó yí òǹwòran ká; ìkẹfà ń gbé kìkì ohùn ìsàlẹ̀ tí ó rinlẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìyáàlù yàtọ̀ sí gúdúgúdú yóò lóye rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a sọ wọ́n lórúkọ. Ẹ̀rọ tí a kò lè fi èdè wa ṣàlàyé, asọ̀rọ̀mágbèsì ni ó ṣì jẹ́ fún wa.