Omi Tí Òpó Bonou Kò Rí

Láti àárín ọ̀rúndún 20 ni òpó ìwọn omi ti wà létí Odò Ouémé ní Bonou, ní ìwọ̀-oòrùn Adja-Ouèrè. Ẹni tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ a máa lọ sétí odò láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, a ka ibi tí omi dé lára òpó, a sì kọ ọ́ sínú ìwé. Iṣẹ́ kékeré ni lójú, àmọ́ orí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ohun tí ìjọba Benin mọ̀ nípa ìkún omi gúúsù orílẹ̀-èdè náà dúró lé, mo sì bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń ṣe é. Síbẹ̀, ẹni tó bá yẹ ìtàn iṣẹ́ náà wò dáadáa á rí i pé odò ni wọ́n ń ṣọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọn kò ṣọ́ ilẹ̀. Ní ìgbèríko Adja-Ouèrè, pàápàá lápá Massè, omi tó ń dí ọ̀nà tó sì ń ba oko jẹ́ kì í sábà ti odò wá. Òjò ni, èyí tí ilẹ̀ kọ̀ láti fà mu, òpó Bonou kò sì lè rí i.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ fi rí bẹ́ẹ̀ kò fara sin. Odò Ouémé gùn tó kìlómítà 510. Láti àwọn òkè Tanéka, nítòsí Djougou, ló ti ṣàn wá. Ọ̀pàrà, tó pààlà pẹ̀lú Nàìjíríà, dà pọ̀ mọ́ ọn, Zou náà sì dà pọ̀ mọ́ ọn, kó tó ya sí ọ̀sà ní ìhà Àjàṣẹ́ àti Kútọnu. Nígbà tí àwọn onímọ̀ omi ará Faransé ti ilé-iṣẹ́ ìwádìí ORSTOM ń ṣe àkójọ àwọn òpó bíi ti Bétérou, ti afárá Ṣábẹ̀ẹ́ àti ti Bonou, ìbéèrè ayé ìgbà náà ni iye omi tí odò ń gbé kọjá lọ́dún: ṣé ó tó láti sé fún iná mànàmáná, ṣé ó tó bomi rin oko, báwo ni afárá ṣe gbọ́dọ̀ ga tó? Ìwé ńlá tí Le Barbé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1993 lórí omi ojú ilẹ̀ Benin kó èso iṣẹ́ náà jọ, iye tí odò gbé kọjá ló sì gba iwájú nínú rẹ̀. Ọgbọ́n yìí wúlò fún ìkìlọ̀ ìkún omi pẹ̀lú. Ìgbà òjò kan ṣoṣo ni àríwá ní, òjò tó sì ń rọ̀ níbẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ń rìn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó dé ìsàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Ouémé fi máa ń kún jù ní Bonou láàárín oṣù Kẹsàn-án sí Ìkẹwàá. Ẹni tó bá ka òpó Ṣábẹ̀ẹ́ lónìí lè sọ ohun tó ń bọ̀ fún Bonou àti Adjohoun nísàlẹ̀ odò. Lẹ́yìn ìkún omi 2010, tó kan ìjọba ìbílẹ̀ 55 nínú 77, orí ọgbọ́n yìí ni wọ́n kọ́ ètò ìkìlọ̀ tuntun lé.

Adja-Ouèrè fúnra rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ pupa tó ga, irú èyí tó wà ní Sakété àti Pọ́bẹ̀, níbi tí omi ti máa ń tètè wọlẹ̀. Bí a bá ti sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà Massè, ilẹ̀ á di dúdú. A ti dé ilẹ̀ kòtò Lama nìyẹn, èyí tó la gúúsù Benin kọjá láti ìhà Tógò títí wọ Nàìjíríà. Amọ̀ ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn á lanu káàkiri. Bí òjò bá ti rẹ ẹ́, á wú, gbogbo ojú tó là á pa dé, omi kò sì ní ríbi wọlẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ náà tẹ́jú, nítorí náà omi kì í tètè ṣàn lọ. Oṣù Kẹfà ni òjò gúúsù sì máa ń pọ̀ jù. Ìyẹn ni pé omi lè ti bo ọ̀nà oko ní Massè nígbà tí Ouémé ṣì wà nísàlẹ̀ ní Bonou. Ìkún omi méjì ló wà ní agbègbè kan náà, oṣù wọn yàtọ̀, ibi tí wọ́n ti ń wá yàtọ̀, ọ̀kan ṣoṣo la sì gbé òpó kalẹ̀ fún.

Àwọn Ọ̀họ̀rí, tó tẹ̀dó sínú ilẹ̀ dúdú yìí, mọ èyí ṣáájú gbogbo ẹni tó wá wọn omi. A. I. Asiwaju, nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ ìjọba àwọn Òyìnbó, fi hàn bí irà náà ṣe ká ìjọba Faransé lọ́wọ́ kò. Nígbà tí àwọn Ọ̀họ̀rí dìde ogun sí wọn ní 1914 sí 1915, ẹrẹ̀ ìgbà òjò wà lára ohun tó dáàbò bò wọ́n. Reluwé tó ti Àjàṣẹ́ wá dúró sí Pọ́bẹ̀, kò rékọjá ibẹ̀ dé Kétu láé. Gbogbo èyí fi hàn pé kì í ṣe àìmọ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n wọn omi Lama. Wọ́n mọ̀ ọ́n, ó ti dá wọn dúró rí. Ìdíwọ́ ni wọ́n kà á sí, wọn kò kà á sí omi tó yẹ kí a mọ bó ṣe ń wá àti bó ṣe ń lọ.

Ẹnìkan lè sọ pé omi Lama kì í pani bíi ti Ouémé, pé kò ní ìṣàn tó ń wó ilé. Òótọ́ ni, ó sì tọ́ kí Bonou àti Adjohoun kọ́kọ́ gba ìkìlọ̀. Àmọ́ àgbàdo tí gbòǹgbò rẹ̀ bá wà nínú omi fún ọjọ́ mélòó kan ti bàjẹ́ ná, aboyún tó ń wá ọ̀nà dé ilé ìwòsàn kò sì ní bi omi bóyá ó ń ṣàn. Àtakò tó le jù láti dáhùn ni pé àwọn àgbà ibẹ̀ mọ ilẹ̀ wọn, wọn kò nílò òpó. Ìmọ̀ wọn tó, ó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ, fún ẹni tó fẹ́ mọ ìgbà tí yóò gbìn. Kò tó fún ẹni tó fẹ́ ya àwòrán afárá, tàbí tó fẹ́ béèrè owó ọ̀nà ní Kútọnu, nítorí ọ́fíìsì kì í ná owó sórí omi tí kò ní nọ́ńbà. Àwọn mìíràn á tọ́ka sí GloFAS, ètò Yúróòpù tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ìkún omi káàkiri àgbáyé. Ó dára pé ó wà. Ṣùgbọ́n ipa odò ńlá ni ìṣirò rẹ̀ ń tọ̀, omi tó dúró sórí amọ̀ kò sì ní ipa kankan tí yóò tọ̀.

Ohun tó kù láti ṣe kò wọ́n. Wọ́n ń wọn òjò ní Pọ́bẹ̀, níbi tí ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà láti 1922. Bí wọ́n bá ri òpó bíi ti Bonou mọ́lẹ̀ níbi tí ọ̀nà Massè ti ń bọ́ sínú ilẹ̀ dúdú, àti méjì mẹ́ta sí i ní àwọn abúlé Ọ̀họ̀rí, tí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ sì ń kà á láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, a ó lè fi òjò Pọ́bẹ̀ wé omi Massè, ká mọ iye ọjọ́ tó wà láàárín wọn. Irú iṣẹ́ tí Ṣábẹ̀ẹ́ ń ṣe fún Bonou nìyẹn. Ọdún kan tàbí méjì kò ní tó, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún ni Bonou fúnra rẹ̀ fi kó ìwé tirẹ̀ jọ. Oṣù Kẹta ló yẹ kí wọ́n ri àwọn òpó náà, nígbà tí amọ̀ ṣì gbẹ, tí ènìyàn ṣì lè fi ẹsẹ̀ dé ibẹ̀.