Ìtàn Aró Tí A Fi Ń Wo Ẹ̀jẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí aró ṣe di ohun àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ìdí ìkòkò aró ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní Lálúpọn ìlú wa, bí ó ti rí káàkiri ẹ̀bá Ìbàdàn, ẹni tí ó bá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ mọ̀ pé ibi tí a bá fi ẹ̀kọ láfún bò lára aṣọ kò ní gba aró. Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, àwọn tí í bá àrùn jà, ní ìbora tiwọn pẹ̀lú: awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ọ̀rá pọ̀ nínú rẹ̀.

Ní 1856, William Perkin, ọmọ ọdún 18 ní Lọ́ńdọ̀nù, ń wá bí yóò ti ṣe kuiníìn, oògùn ibà. Aró elésè àlùkò ni ó bọ́ sí i lọ́wọ́. Àwọn ará Jámánì gba iṣẹ́ náà ṣe. Nígbà tí ó di 1897, wọ́n ti ń ta èlú àtọwọ́dá, èyí tí ó wá gba ọjà mọ́ àwọn ìyá wa lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, ṣùgbọ́n n kò lè torí rẹ̀ pa ìyókù ìtàn mọ́.

Ní 1879, Paul Ehrlich, oníṣègùn ará Jámánì, fi irú aró bẹ́ẹ̀ kun ẹ̀jẹ̀ tí ó ti fi iná yan gbẹ lórí gíláàsì. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun yà síra wọn: aró pupa ni àwọn kan gbà, àwọn mìíràn kọ̀ ọ́. Òkú sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ṣá. Iná ti ba ẹnu ọ̀nà wọn jẹ́. Èyí tí ó wà láàyè kò jẹ́ kí aró tí à ń pè ní trypan blue wọlé. Bí ẹ bá rí i tí ó di búlúù, ó ti kú nìyẹn. Aró tí ó bá ọ̀rá rẹ́, ní tirẹ̀, a máa wọ inú awọ náà, a sì jókòó síbẹ̀.

Aró tí ń tàn ńkọ́? Kuiníìn tí Perkin ń wá kiri gan-an ń tàn: bí ó bá wà nínú omi tí oòrùn ràn sí i, a máa yọ ìmọ́lẹ̀ búlúù. John Herschel kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1845. Ní 1852 George Stokes ṣàlàyé pé ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kò rí ni ó ń gbà, tí ó sì ń dá a padà ní èyí tí ojú rí. Ní 1941, Albert Coons àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard so aró tí ń tàn mọ́ èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí í dá kòkòrò àrùn mọ̀. Láti ìgbà náà, kò di dandan kí aró wọlé mọ́. Ó lè dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹnu ọ̀nà kan wà lára awọ àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun kan tí à ń pè ní CD4. Ibẹ̀ ni kòkòrò HIV ń gbà wọlé; ibẹ̀ náà ni a ń fi aró sí, tí ẹ̀rọ yóò sì máa ka àwọn tí ó tàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọn kò bá pé 200 nínú mikirolítà ẹ̀jẹ̀ kan, ewu ti dé. Ẹni tí ó ní kòkòrò náà lè máa lọ oko kí ó máa bọ̀, kí ara rẹ̀ má sọ nǹkan kan fún un. Iye tí ó tàn yẹn ni dókítà yóò fi mọ bí agbára tí ó kù fún un ti pọ̀ tó.