Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ìtàn Ẹ̀kọ́ Ìṣèlú Gíga ní Ìbàdàn

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti ní ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ tó gba digírì àkọ́kọ́, tó wá ń bèèrè pé, "Ẹ̀yin àgbà, mo fẹ́ ka M.Sc. nínú ìmọ̀ ìṣèlú, níbo ni kí n lọ?" Kíá la máa ń dáhùn pé, "London ni! Àbí Amẹ́ríkà!" Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó tún dáhùn bẹ́ẹ̀, ẹ fún mi láyè kí n pìtàn díẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, digírì Yunifásítì London làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń gbà. Ọdún 1962 ló tó di yunifásítì tó dá dúró, tó ń fúnni ní digírì tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé láyé ìgbà yẹn, òkun ló máa kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni Kenneth Dike ṣe lọ sí London, tó gba Ph.D. ní 1950. Ìtàn ló kà, kì í ṣe ìṣèlú, ṣùgbọ́n òwò àti ìṣèlú àwọn ará Niger Delta ló fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní 1956. Ó fi han ayé pé ọ̀rọ̀ tiwa náà tó ohun tí a lè fi gba oyè gíga.

Àmọ́ nípa ìṣèlú gan-an, àwọn àlejò ló kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ ilé wa sílẹ̀. James Coleman, ará Amẹ́ríkà, fi bí a ṣe ń jà fún òmìnira gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Harvard, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1958. Richard Sklar fi ọ̀rọ̀ àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú wa gba tirẹ̀ ní Princeton. Ìwé tirẹ̀ jáde ní 1963. Ọdún yẹn náà ni Kenneth Post, tó jẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn, gbé ìwé jáde lórí ìbò 1959. John Mackintosh, tó kọ́ni ní Ìbàdàn láàárín 1961 sí 1963, kọ tirẹ̀ ní 1966, ọdún tí òun fúnra rẹ̀ wọ ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì.

Wọ́n ní àjèjì lójú ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Àwọn wọ̀nyí ríran o, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Síbẹ̀, ẹ wo ọ̀rọ̀ Adégòkè Adélabú, Pẹ̀ǹkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì, tí ìjàm̀bá ọkọ̀ pa ní oṣù kẹta 1958. Kò sí agboolé tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n n'Íbàdàn. Ṣùgbọ́n àwọn wo ló kọ ìwé ńlá tí àwọn ọ̀mọ̀wé ayé ń kà nípa rẹ̀? Post ni, pẹ̀lú George Jenkins, ará Amẹ́ríkà. Cambridge ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ní 1973.

Ọdún 1973 yẹn náà ni nǹkan ń yí padà. Billy Dudley, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìṣèlú ní Ìbàdàn, kọ ìwé lórí bí ìjọba wa ṣe dàrú tó fi dogun, Ìbàdàn níbí ni wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́. Ọdún yẹn ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣèlú Nàìjíríà sílẹ̀. Bọ́lájí Akínyẹmí, tó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé bọ̀ láti Oxford, wà lára àwọn olùkọ́ Ìbàdàn nígbà náà, kó tó di mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní 1985. Peter Ekeh náà wá dé.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ Ekeh, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan ẹgbẹ́ wa yìí. Ní 1975, ó kọ àpilẹ̀kọ kan tí wọ́n ṣì ń kà káàkiri ayé. Ó ní nítorí ìjọba amúnisìn, àwùjọ méjì ni ọmọ Áfíríkà ń gbé lẹ́ẹ̀kan náà. Àkọ́kọ́ ni ti ẹbí, ìlú àti ẹ̀yà rẹ̀; ibẹ̀, ó ń bẹ̀rù ìtìjú, ó sì ń fi owó ara rẹ̀ sílẹ̀. Èkejì ni ti ìjọba. Ibẹ̀, bó ṣe máa rí tiẹ̀ gbà ló ń wá, ojú ò sì tì í. Ẹ̀yin akápò wa, ṣé ẹ gbọ́? Ẹni tí kò jẹ́ fọwọ́ kan kọ́bọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀, òun kan náà ló lè kó ti ìjọba lọ láìwẹ̀yìn. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó ti ọ̀rọ̀ ilé wa ló rídìí rẹ̀.

Irú àwọn olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí àwọn mìíràn lè gba oyè ọ̀mọ̀wé nílé. Eghosa Osaghae gba tirẹ̀ ní Ìbàdàn. Ìwé rẹ̀ lórí Nàìjíríà lẹ́yìn òmìnira jáde ní 1998. Rotimi Suberu náà gba tirẹ̀ níbẹ̀, ó sì kọ ìwé lórí ìjọba àpapọ̀ àti ìjà ẹ̀yà, tó jáde ní 2001.

N ò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ sókè òkun o. Humphrey Nwosu, tó darí ìbò ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 1993, Berkeley ló ti gba Ph.D. Attahiru Jega, tó darí ìbò 2011 àti 2015, Northwestern ló lọ. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì padà wá kọ́ni nílé kí ìjọba tó pè wọ́n.

Ìpadàbọ̀ yẹn ló wá di ìṣòro. Lẹ́yìn SAP ti 1986, owó oṣù olùkọ́ ò tó nǹkan mọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kó ẹrù. Ekeh fúnra rẹ̀ lọ kọ́ni ní Buffalo ní Amẹ́ríkà. Ní 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko ni àwọn olùkọ́ yunifásítì fi daṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ tó bá bínú lọ, a ò lè bá a wí.

Kí wá ni kí a sọ fún àwọn ọmọ? Tí ọmọ bá fẹ́ mọ ìṣèlú ilẹ̀ wa délẹ̀, kó ka M.Sc. ní Ìbàdàn. Kó mọ̀ pé máàkì rẹ̀ níbẹ̀ ló máa sọ bóyá ọ̀nà Ph.D. ṣí sílẹ̀ fún un. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè ló wù ú, Ifẹ̀ ní ẹ̀ka tirẹ̀ fún un. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún kan ni M.Sc. sábà máa ń gbà níbẹ̀, àmọ́ owó rẹ̀ wọ́n, láti oṣù kìíní 2024 sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò ti lè kó aya àti ọmọ dání mọ́. Kó kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀bùn Chevening tàbí ti Commonwealth. Níbikíbi tó bá lọ, kó fi ọ̀rọ̀ ilé ṣe iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀.

Àwa náà ńkọ́? Mo dá a lábàá níwájú yín pé kí ẹgbẹ́ wa máa yan ọmọ ilé-ìwé wa kan lọ́dọọdún, tó ń ṣe M.Sc. lórí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, kí a bá a san owó ọkọ̀ àti owó ìwé títẹ̀. Kì í ṣe owó tó lè pa wá. Àwọn àgbà tó mọ ìtàn ìdìbò àti oyè jíjẹ àdúgbò wa ń dínkù lọ́dọọdún. Bí ọmọ wa ò bá lọ bi wọ́n léèrè nísinsìnyí, a jẹ́ pé àlejò ni yóò tún wá sọ fún wa bí ilé wa ṣe rí, bí àlejò ọ̀hún bá tiẹ̀ bá ẹni tó máa bi.

Ọlọ́run á jẹ́ ká tún fojú kanra lọ́dún tó ń bọ̀. Kí ilé-ìwé wa má rẹ̀yìn o.