Ẹ̀rọ Kì Í Kú Tán: Ìtàn Nọ́mbà Tó Wà Lára Irin

  Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kan gbogbo ẹni tí ń jẹ ẹ̀kọ àti ọkà. Ó kan ẹ̀rọ ìlọ-àgbàdo, ó sì kan ẹ̀rọ ìluhò káfíńtà. Ó kan gbogbo ẹ̀rọ tí ẹni tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ kò ṣe irú rẹ̀ mọ́.

Ẹ mọ bí ó ti máa ń rí. Ẹ̀rọ ìlọ-àgbàdo dúró ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà. Àwọn obìnrin gbé igbá àgbàdo wọn padà sílé. Ẹni tó ní ọlọ tún fọ ọlọ rẹ̀. Ẹni tí kò ní ru ẹrù lọ sí ìletò mìíràn. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní: "Irú èyí kò sí mọ́. Wọ́n ti dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró." Ṣé ẹ̀rọ náà ti kú nìyẹn? Ẹ má tí ì sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn.

Ọmọrí ìkòkò kan ṣoṣo

Láyé àtijọ́, bí amọ̀kòkò ti ń mọ ọmọrí fún ìkòkò kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni alágbẹ̀dẹ ń rọ irin fún ìbọn kan ṣoṣo. Bí ọmọrí bá fọ́, ti ìkòkò kejì lè má dé e. Bí irin kékeré kan bá ṣẹ́ nínú ìbọn, alágbẹ̀dẹ ní láti rọ òmíràn, kí ó sì máa rẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi wọlé.

Ní ọdún 1785, ará Faransé kan tí ń ṣe ìbọn, Honoré Blanc, fi nǹkan tuntun hàn nítòsí Paris. Ó tú irin tí ń yin ìbọn sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Thomas Jefferson, aṣojú Amẹ́ríkà ní Faransé nígbà náà, wà níbẹ̀. Ó ṣa èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bà, ó tò wọ́n pọ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n sì bá ara wọn mu. Kí ni àṣírí rẹ̀? Ìwọ̀n kan náà ni Blanc fi ṣe gbogbo wọn.

Bóòtì náà ní ìtàn tirẹ̀. Kí ó tó di 1841, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gé eyín bóòtì bí ó ti wù ú. Ní ọdún náà, Joseph Whitworth dábàá ìwọ̀n kan fún gbogbo wọn. Àwọn Faransé ní tiwọn ń lo mítà àti mìlímítà. Ìdí nìyí tí bóòtì ẹ̀rọ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ àti bóòtì onímìlímítà fi lè jọra lójú, síbẹ̀ tí eyín wọn kò bára mu. Bí ẹ bá fi tipátipá yí ọ̀kan wọ inú nọ́ọ̀tì èkejì, ẹ ó ba méjèèjì jẹ́.

Nọ́mbà tí ń sọ̀rọ̀

Ẹ wo òrùka irin tó ní bọ́ọ̀lù kéékèèké nínú, èyí tí ń jẹ́ kí ọ̀pá irin yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àwọn mẹkáníìkì wa ń pè é ní rúlúmáà. Àwọn ará Nàìjíríà ń pè é ní bèárìn. Ní 1907, ilé-iṣẹ́ SKF bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Göteborg, ní ilẹ̀ Sweden. Nígbà tó yá, àwọn tí ń ṣe irú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ fohùn ṣọ̀kan lórí ìwọ̀n rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí 6204 lára rúlúmáà, ì báà wá láti Jámánì, láti Japan, tàbí láti Ṣáínà, ihò àárín rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 20. Láti etí kan dé èkejì, ó jẹ́ 47. Nínípọn rẹ̀ jẹ́ 14. Ẹ kò ní láti mọ èdè Jámánì tàbí ti Japan. Nọ́mbà ni ẹ ní láti mọ̀.

Ẹ wo nọ́mbà méjì tó kẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ 04 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀. 4 lọ́nà 5 jẹ́ 20: ìwọ̀n ihò 6204 nìyẹn. 5 lọ́nà 5 jẹ́ 25: ìwọ̀n ihò 6205 nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. 6304 náà ní ihò 20, àmọ́ láti etí dé etí ó jẹ́ 52. Kò ní wọ ibi tí 6204 wà. Bí ẹ bá ṣi nọ́mbà kan péré kọ, owó ọkọ̀ àti owó ọjà ti wọgbó.

Ẹ̀rọ tí ẹlòmíràn gbà tọ́

Ní 1867, Robert Ashton Lister dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Dursley, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1929, ilé-iṣẹ́ náà mú ẹ̀rọ dísẹ̀lì kan jáde tí wọ́n pè ní CS. Ó ní kẹ̀kẹ́ irin ńlá méjì, ọwọ́ ni a sì fi ń yí i kí ó tó gbiná. Kì í sáré. Oríṣi rẹ̀ kan, 6/1, ń yí ìgbà 650 ní ìṣẹ́jú kan. Nítorí pé kì í sáré, kì í tètè jẹ.

Ní 1987, wọ́n dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní Dursley. Ṣùgbọ́n ní Rajkot, ní ilẹ̀ Íńdíà, àwọn ilé-iṣẹ́ ń ṣe irú rẹ̀, wọ́n sì ń tà á fún ilẹ̀ mìíràn. Nínú àwọn ọdún 1990, irú ẹ̀rọ Íńdíà bẹ́ẹ̀ dé àwọn ìletò ní Málì, ó ń lọ ọkà, ó ń bó ìrẹsì. Púpọ̀ nínú irin Íńdíà náà ń wọ ẹ̀rọ Dursley àtijọ́. Ẹni tó bí ẹ̀rọ náà fi í sílẹ̀. Ẹlòmíràn gbà á tọ́. Síbẹ̀, ẹ wọn irin kí ẹ tó sanwó, nítorí ọwọ́ àwọn tí ń ṣe é kò dọ́gba.

Ti ẹ̀rọ ìluhò oníná ńkọ́? Ilé-iṣẹ́ Fein ní Stuttgart, ní Jámánì, ṣe ọ̀kan tí ènìyàn lè gbé lọ́wọ́ ní 1895. Nínú ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, edú kékeré méjì ló ń gbé iná dé ibi tí ń yí. Edú náà a máa jẹ tán. Bí ẹ kò bá rí tirẹ̀ gan-an, ẹ ra èyí tó tóbi díẹ̀ jù ú lọ, kí ẹ fi bébà oníyanrìn rẹ́ ẹ títí yóò fi máa yọ̀ wọlé, yọ̀ jáde. Ẹ yọ okùn iná kí ẹ tó tú ẹ̀rọ náà.

Òótọ́ ni pé kò sí ọjà tí a ti ń rí gbogbo nǹkan. Èèpo ẹ̀rọ àti irin eléyín inú rẹ̀ kì í sábà bá ti ilé-iṣẹ́ mìíràn mu. Lára òkú ẹ̀rọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ẹ ó ti rí i. Nítorí náà, ẹ má ju òkú ẹ̀rọ sí ààtàn.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Èkínní: nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ da gbogbo ohun tí a kọ sára àwo irin rẹ̀ kọ sínú ìwé. Epo àti ìpata a máa pa á rẹ́.

Èkejì: bí ẹ bá tú rúlúmáà, ẹ nù ún mọ́, kí ẹ sì kọ nọ́mbà àti lẹ́tà ara rẹ̀. 2RS túmọ̀ sí pé rọ́bà bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó dára níbi tí ìyẹ̀fun ń fò, nítorí rọ́bà náà ń dí ìyẹ̀fun lọ́nà.

Ẹ̀kẹta: ẹ mú irin tó bàjẹ́ dání lọ sí Kútọnu tàbí Àjàṣẹ́. Ẹ má béèrè orúkọ ẹ̀rọ nìkan; ẹ béèrè nọ́mbà. Rúlúmáà tí ẹ ń wá fún ẹ̀rọ ọlọ lè wà ní ìsọ̀ ẹni tí ń ta ẹ̀yà alùpùpù. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ẹ̀yin ará, àwọn kan ń bèèrè pé kí ni àgbà fẹ́ fi ìwé kíkà ṣe. Ẹ dá wọn lóhùn pé nọ́mbà mẹ́rin tí a kọ dáadáa lè mú kí ọlọ ìletò tún máa dún.

Iṣẹ́ fún kíláàsì: kí ni ìwọ̀n ihò 6206? Kí ni ti 6208? Ẹ kọ ìdáhùn sínú ìwé yín, kí ẹ sì lọ wo ẹ̀rọ ìletò yín. Nọ́mbà wo ni ẹ rí lára rẹ̀?

Ó dìgbà kan ná.