OMI TÍ A KÒ MU: ÌTÀN ẸRAN INÚ AGOLO ÀTI IBÀ ABERDEEN NÍ ỌDÚN 1964

 

Ìfáàrà

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ pé omi kò lọ́tàá. Olówó ń mu ún, tálákà ń mu ún. Ẹni tí ó bá ní òun yóò bá omi ṣọ̀tá, òùngbẹ ni yóò bá a parí ìjà náà. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ pé gbogbo omi ni ọ̀rẹ́ ènìyàn. Bí a bá fetí sí èdè wa dáadáa, a ó rí i pé àwọn baba wa ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Wọ́n ní omi tòrò. Wọ́n sì ní omi mọ́. Omi tí ó tòrò ni èyí tí pàǹtí rẹ̀ ti rọlẹ̀, tí ènìyàn lè rí ìsàlẹ̀ àmù nínú rẹ̀. Ojú ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mímọ́ omi ju ohun tí ojú lè rí lọ. Inú àlàfo tí ó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí ti ṣẹlẹ̀.

Ẹnikẹ́ni lè bi mí pé kí ni olùkọ́ lítíréṣọ̀ ń wá ní ilé-iṣẹ́ tí a ti ń ṣe oúnjẹ. Èsì mi ni pé iṣẹ́ tiwa ni kí a máa wo ohun tí àwọn ènìyàn sọ àti ohun tí wọ́n dákẹ́ lé lórí, nínú ìtàn yìí sì rèé, ìdákẹ́ pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ. Ohun méjì ni mo fẹ́ fi hàn. Èkíní ni pé nínú iṣẹ́ oúnjẹ, omi tí ẹnikẹ́ni kò kà sí oúnjẹ lè burú ju èyí tí a bù sínú ìkòkò lọ. Èkejì ni pé ìmọ̀ nìkan kì í gba ènìyàn là. Àfi bí ẹni tí yóò máa ṣọ́ ìmọ̀ náà lójoojúmọ́ bá wà.

Bí oúnjẹ ṣe wọ inú agolo

Ní ọdún 1810, ará ilẹ̀ Faransé kan tí ń jẹ́ Nicolas Appert tẹ ìwé kan jáde lórí bí a ṣe lè pa oúnjẹ mọ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù. Ọ̀nà rẹ̀ kò ṣòro. Ó ń di oúnjẹ sínú ìgò, ó ń dí ẹnu ìgò náà pinpin, ó sì ń sè é nínú omi gbígbóná. Ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn owó tí iye rẹ̀ jẹ́ 12,000 franc. Ní ọdún kan náà, Peter Durand gba ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti lo agolo dípò ìgò. Nígbà tí ó fi di 1813, ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe oúnjẹ alágolo ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ kíyè sí i pé Appert kò mọ ìdí tí ọgbọ́n rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kòkòrò àrùn kò tí ì yé ẹnikẹ́ni nígbà náà. Iná ń pa ohun tí ń ba oúnjẹ jẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó rí ohun tí iná ń pa.

Láìpẹ́, iṣẹ́ yìí kọjá òkun. Màlúù pọ̀ bí eéṣú ní gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹran sì wọ́n ní Yúróòpù. Ní 1865 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Liebig sílẹ̀, tí ó fìdí kalẹ̀ sí Fray Bentos ní Uruguay, létí odò tí orílẹ̀-èdè náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ní Ajẹntínà pẹ̀lú, etí odò ńláńlá ni àwọn ilé-iṣẹ́ ẹran tò sí. Ó ní ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Odò ni ọkọ̀ ojú omi ń gbà gbé ẹrù lọ. Inú odò ni wọ́n ń da ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀gbin sí. Láti inú odò kan náà ni wọ́n sì ti ń fa omi tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Odò kan ṣoṣo wá di ọ̀nà, ààtàn àti kànga.

Omi tí ń tu agolo lára

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbi iṣẹ́ inú agolo, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí wọ́n bá ti rọ ẹran sínú agolo tí wọ́n sì ti pa etí rẹ̀ dé, wọ́n á gbé e sínú ooru ńlá títí gbogbo kòkòrò inú rẹ̀ yóò fi kú. Bí wọ́n bá gbé e jáde, wọn kò lè fi í sílẹ̀ kí ó máa tutù fúnra rẹ̀. Ẹran náà yóò jinná ju bí ó ti yẹ lọ, pàápàá bí agolo bá tóbi. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi omi tútù tù ú lára.

Omi yìí kò sí lára oúnjẹ. Kò sí ẹni tí yóò mu ún. Ara agolo lásán ni ó ń kàn. Ta ni yóò wá ṣe wàhálà lé e lórí? Ṣùgbọ́n bí agolo bá ṣe ń tutù, ohun inú rẹ̀ ń súnkì, agolo náà sì ń fa afẹ́fẹ́ àti omi mọ́ra bí ẹni tí ń fa ẹ̀mí sínú. Ojú ibi tí wọ́n ti pa etí rẹ̀ pọ̀ kò tí ì le dan-indan-in ní àkókò náà. Bí ihò tí kò tó ojú abẹ́rẹ́ bá wà níbẹ̀, ẹ̀kán omi kan lè gba ibẹ̀ wọlé. Bí kòkòrò àrùn bá wà nínú ẹ̀kán náà, inú ilé tí kò ní olùdíje ni ó bọ́ sí: oúnjẹ pọ̀ níbẹ̀, iná sì ti pa gbogbo kòkòrò mìíràn tí ì bá bá a du àyè.

Èyí tí ó burú jù ni ti kòkòrò ibà jẹ̀funjẹ̀fun, tí àwọn dókítà ń pè ní táífọ́ọ̀dù. Kì í mú kí agolo wú. Kì í mú kí ẹran rùn, kì í sì í yí adùn rẹ̀ padà. Ojú, imú àti ahọ́n, àwọn ẹ̀ṣọ́ mẹ́ta tí Olódùmarè fún wa, kò ní rí nǹkan kan sọ.

Ohun tí ayé ti mọ̀ tẹ́lẹ̀

A kò lè sọ pé àìmọ̀ ni ó fa ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní 1880 ni Karl Eberth, ní Yúróòpù, ti ṣàpèjúwe kòkòrò ibà yìí. Ní 1884 Georg Gaffky rí i tọ́ lọ́tọ̀. Nígbà tí àjàkálẹ̀ ibà náà bẹ́ sílẹ̀ ní Maidstone ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1897, wọ́n fi oògùn oníkílórínì fọ àwọn ọ̀pá omi ìlú. Ní 1905, Alexander Houston lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ sí omi ìlú Lincoln. Ní 1908, Jersey City ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi kílórínì sí omi ìlú láìdáwọ́ dúró. Oògùn náà kò wọ́n, kò sì ṣòro lò.

Ti agolo pàápàá kì í ṣe àṣírí. Ní àárín àwọn ọdún 1950, ibà náà jà ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Pickering ní Yorkshire. Ahọ́n màlúù inú agolo ni wọ́n tọpa rẹ̀ dé. Àwọn dókítà tí wọ́n wádìí rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní 1956. Ẹni tí ó bá fẹ́ kà á lè kà á. Ọdún mẹ́jọ kọjá lẹ́yìn èyí kí Aberdeen tó bọ́ sínú ọ̀ràn.

Aberdeen, 1964

Ní oṣù Karùn-ún 1964, àìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọlu àwọn ará Aberdeen, ìlú ńlá kan ní àríwá ìlà-oòrùn Scotland. Àwọn aláìsàn kò gbé àdúgbò kan náà, wọn kò sì jọ ṣiṣẹ́ pọ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìlera bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n jẹ, ọ̀nà gbogbo já sí ilé ìtajà ńlá kan. Agolo ẹran ńlá kan láti Ajẹntínà ni wọ́n gbà pé ó ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti ṣí i, wọ́n sì ti fi ẹ̀rọ gé e pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ fún àwọn oníbàárà. Ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n fi gé àwọn ẹran mìíràn. Báyìí ni ẹni tí kò tilẹ̀ ra ẹran alágolo náà ṣe gbé àrùn lọ sílé.

Àwọn tí ibà náà gbé dé ilé ìwòsàn ju 400 lọ. Dókítà Ian MacQueen, ọ̀gá ètò ìlera ìlú náà, ń bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Ó ń kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n máa fọ ọwọ́ wọn. Àwọn àlejò sá fún ìlú náà. Àwọn ará ìlú tí wọ́n rìnrìn àjò pàápàá di ẹni tí a ń wò tìfura-tìfura. Nígbà tí ibà náà rọlẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹfà, Ọbabìnrin Elizabeth lọ bẹ ìlú náà wò, kí ayé lè rí i pé ibẹ̀ ti ṣeé dé padà.

Ibo wá ni àrùn náà ti wá? Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Sir David Milne. Ìwádìí darí sí ilé-iṣẹ́ kan ní Rosario, létí odò Paraná. Omi odò ni wọ́n fi ń tu agolo lára níbẹ̀, odò tí omi ẹ̀gbin ilé ìgbẹ́ ìlú ń ṣàn sí láìṣe ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń fi kílórínì sí omi kò ṣàìsí ní ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n rà á, wọ́n gbé e kalẹ̀. Àmọ́ ó ti ju ọdún kan lọ tí kò ti ṣiṣẹ́.

Àwọn tí wọ́n mọ̀

Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà ní ọdún 1963. Ní ọdún náà, ibà kan náà ti jà ní Harlow, ní South Shields àti ní Bedford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹran alágolo láti Ajẹntínà ni wọ́n fura sí. Ó ti dé etígbọ̀ọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù pé ilé-iṣẹ́ kan ń fi omi odò tí a kò tọ́jú tu agolo lára. Wọ́n kọ lẹ́tà síra wọn, wọ́n ṣe ìpàdé, wọ́n sì bá àwọn oníṣòwò sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Wọn kò ké gbàjarè fún ará ìlú. Òwò pàtàkì ni ẹran náà jẹ́ láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì, ìjọba Bíríténì fúnra rẹ̀ sì ní òbítíbitì agolo nínú àká, tí ó kó pamọ́ de ìgbà ogun. Lẹ́yìn Aberdeen, ariyànjiyàn lórí ohun tí wọn yóò fi agolo wọ̀nyẹn ṣe kò tán bọ̀rọ̀.

Mi ò sọ pé ìkà ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ wọn ni pé olúkúlùkù ń wo apá tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ Rosario ń wo ẹran, kò wo omi. Oníṣòwò ń wo agolo, kò wo odò. Òṣìṣẹ́ ìjọba ń wo àdéhùn òwò. Ẹni tí ń jẹun nìkan ni kò ní apá tí ó lè wò.

Ẹ̀kọ́ tí ó kù fún wa

Lónìí, ilé-iṣẹ́ agolo tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ kì í kàn fi kílórínì sí omi kí ó padà lọ jókòó. Ibi tí omi ti ń jáde ni ó ti ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ibi tí ó ti ń wọlé nìkan. Ìdí ni pé ìdọ̀tí máa ń jẹ agbára kílórínì. Bí díẹ̀ bá ṣì kù nínú omi náà nígbà tí ó parí iṣẹ́, a mọ̀ pé ó ti bá kòkòrò jà, ó sì borí. Wọ́n ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ilẹ̀ tiwa, omi fúnra rẹ̀ ti di ọjà. Omi inú ọ̀rá tí gbogbo ènìyàn ń pè ní píọ̀ wọ́tà wà ní gbogbo ìkóríta, nọ́ńbà àjọ NAFDAC, tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀, sì ni a fi ń mọ èyí tí a fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Nọ́ńbà yẹn dára. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a yẹ ilé-iṣẹ́ wò ni nọ́ńbà ń jẹ́rìí sí. Kò lè jẹ́rìí sí àárọ̀ òní. Ilé-iṣẹ́ Rosario náà ní ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kí a máa bèèrè omi tí wọ́n fi fọ táǹkì, omi tí ẹni tí ń di ọ̀rá fi fọ ọwọ́, àti omi tí wọ́n fi ṣe yìnyín tí a kó lé ẹja lórí. A kò ní mu èyíkéyìí nínú wọn, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni yóò dé ẹnu wa.

Àgbálọgbábọ̀

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Àwọn tí wọ́n kọ̀wé ní 1956 wo igi náà láti òkèèrè. Àwọn tí wọ́n ṣèpàdé ní 1963 rí i nítòsí. Ojú àwọn ará Aberdeen ni ó gún. Láàárín ẹni tí ó rí igi àti ẹni tí igi gún, kò sí ohun tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀ ju ẹnu tí yóò sọ̀rọ̀ àti ọwọ́ tí yóò tún ẹ̀rọ ṣe lọ. Ibi tí ẹnu bá ti dákẹ́, tí ọwọ́ sì ká gúlútú, omi yóò máa tòrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní mọ́.