Ta Ló Gba Oorun Wa?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ń mú èrò ọjà Apòmù tà lẹ́rú. Ó wà lára ohun tó fa ogun tó pa ìlú Òwu run láàárín ọdún 1820 sí 1829. Ta ni yóò sùn fọnfọn nígbà náà ní Apòmù, tàbí ní Ìkirè tó múlé tì í?

Òwò ẹrú ti kásẹ̀ nílẹ̀. Lónìí, fóònù àti tẹlifíṣọ̀n ni àwa fi ń ṣe àìsùn. Bẹ́ẹ̀, Ànábì (S.A.W.) kò fẹ́ ìtàkúrọ̀sọ lẹ́yìn ìrun Íṣáì. Ojú oorun ni ẹ̀kọ́ ti ń jókòó sí ọpọlọ. Wákàtí 8 sí 10 ni ọ̀dọ́langba nílò. Ọmọ tó ń tòògbé nídìí wàláà, ẹ bi í ní aago tó sùn kí ẹ tó mú pàṣán.