Seneca àti Tábìlì 500

Cassius Dio, òǹkọ̀wé ìtàn ní Róòmù, ní Seneca ní tábìlì 500, tí ẹsẹ̀ gbogbo wọn jẹ́ eyín erin. Seneca yìí kan náà ló ń kọ̀wé pé kéèyàn má fi ọkàn sí owó o! Ẹ gbọ́ nǹkan.

Ọba Claudius ti kọ́kọ́ lé e lọ sí erékùṣù Corsica lọ́dún 41 lẹ́yìn ìbí Kristi. Lọ́dún 49 ni wọ́n pè é padà kó wá máa kọ́ Nero. Nígbà tí Nero jọba, owó ya wọlé fún olùkọ́. Tacitus sọ pé Suillius bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo kiri: ọgbọ́n wo ló ń kóni ní mílíọ̀nù 300 sesterce láàárín ọdún mẹ́rin péré?

Àmọ́ ẹ wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Suillius fúnra rẹ̀ ló ń gba owó kó tó bá èèyàn rojọ́, ó sì ti fẹ̀sùn ba ayé ọ̀pọ̀ jẹ́ nígbà Claudius. Tacitus jẹ́ ká mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà á gbọ́ ju Dio lọ, ẹni tó kọ tirẹ̀ ní ohun tó lé ní 100 ọdún lẹ́yìn ikú Seneca. Tacitus náà ló sọ pé Seneca bẹ Nero kó gba ọrọ̀ náà padà, tí Nero kọ̀. Lọ́dún 65, Nero ní kó pa ara rẹ̀. Ó gé iṣan, ẹ̀jẹ̀ ò tètè dà. Ó mu májèlé, kò ràn án.

Ti Quintilian yàtọ̀. Tíṣà ni, ìwé ló ń wò. Ó ní àléébù inú ìwé Seneca dùn jù, òun làwọn ọ̀dọ́ sì ń kà ṣáá. Àwọn kan rò pé ó kórìíra ọkùnrin náà, bẹ́ẹ̀ ó yìn ín pé ó ń bá ìwà burúkú wí dáadáa.

Seneca mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó fèsì nínú ìwé rẹ̀ lórí ayé aláyọ̀ pé ìwà rere lòun ń sọ, kì í ṣe ara òun, àti pé àléébù tòun gan-an lòun kọ́kọ́ ń bá wí. Ní ti tábìlì, mo gbà. Ṣùgbọ́n lọ́dún 59, Nero ní kí wọ́n pa Agrippina, ìyá rẹ̀. Lẹ́tà kan dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà lórúkọ Nero, pé ìyá náà ló fẹ́ pa òun. Tacitus ní Seneca ni aráàlú dá lẹ́bi, pé òun ló kọ ọ́. Ìyẹn ni kò tíì kúrò lọ́kàn mi.